Ọ̀bọ̀kún, Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Bádírù lorúkọ tó gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.
Lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, Ọ̀bọ̀kún la mọ̀ ọ́n sí:
yíyọ̀ ló ń yọ̀, ó sì lẹ́gùn-ún.
Èmi yìí ni mo máa ń gbá a sí i lórí láti ọwọ́ òsì
ní pápá oníyanrìn létí ọ̀sà,
nígbà tí òpó wa jẹ́ àjẹ̀ méjì tó ti kán,
tí àwọ̀n wa jẹ́ àwọ̀n bàbá rẹ̀,
tí baba fúnra rẹ̀ ń wá tú nírọ̀lẹ́
kó lè lọ dẹ ẹ́ sódò.
"Baba, ó ku díẹ̀, ọ̀mì la wà."
"Ẹja ò mọ̀ pé ọ̀mì ni."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló lọ sí Ìlú Ọba.
A sanwó ìwòran lọ́dọ̀ Jàmíù,
a wo Sátidé kan, a wo ìkejì,
àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń sáré kiri.
Ọ̀bọ̀kún ò sí níbẹ̀.
Ìpele karùn-ún ló wà,
níbi tí kámẹ́rà kì í dé,
níbi tí irinwó ènìyàn ó lé méjìlá ti ń wòran
(ó kà wọ́n fún mi lórí fóònù)
àti ajá kan tí kì í pa ọjọ́ jẹ.

Ẹgbẹ́ méje, ọdún mẹ́rìnlá.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rà á. Ìyókù, yíyá ni,
bí ẹni yá odó aládùúgbò:
ẹ gún tiyín tán, kẹ́ ẹ dá a padà,
ẹ má jẹ̀ẹ́ kó là.
Ó là. Orúnkún ọ̀tún, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ,
lórí ilẹ̀ tó dì bí yìnyín inú kúlà ẹlẹ́ja.

Lọ́sàn-án, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù,
ó ń já bẹ́ẹ̀dì àti àga sílé onílé.
Kóòṣì kan ń pè é ní Bádì,
òmíràn ń pè é ní Bírì,
ó ń dá gbogbo wọn lóhùn.
"Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀," ó ní,
"ìwọ náà á jẹ́ orúkọkórúkọ."

Góòlù mẹ́tàdínláàádọ́rin.
Mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń ṣírò owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.
Kejìdínlógún: orí ló fi kàn án, òjò ń rọ̀.
Kẹrìnlélógún: pẹnáritì.
Kọkànlélógójì: kò mọ bó ṣe wọlé, ìdí rẹ̀ ló bà.
Kejìléláàádọ́ta: Sátidé tí a sin baba.
Mi ò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la rí i lórí ẹ̀rọ,
ìdíje ife, wọ́n ti jẹ márùn-ún kó tó wọlé.
Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Ó ń so okùn bàtà.
Ilé Jàmíù fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo.
Baba, tó ṣì wà láyé nígbà náà,
sún mọ́ gíláàsì, ó wò ó títí tó fi kọjá,
ó ní, "Ó ti rù."

Èṣí ló dé, pẹ̀lú báàgì méjì
àti orúnkún tó ń mọ̀ ṣáájú wa pé òjò ń bọ̀.
Àwọn ọmọ pápá bi í léèrè ẹgbẹ́ tó gbá fún.
Ó ka méjèèje. Wọn ò mọ ọ̀kan.
"Bọ̀ọ̀dá, irọ́ lẹ ń pa, ẹ ò délùú Ọba."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ òsì.
"Rábíù! Gbé e wá!"

Ikùn mi ti ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo báyìí,
mo ṣì gbá a.
Ó ga jù. Ó kọjá lórí rẹ̀, ó di inú ọ̀sà,
ọmọ mẹ́ta ti bẹ́ sómi kí n tó ya ẹnu.
Òun ti fò, ó ti balẹ̀, ó ń pa orúnkún,
iyanrìn ti bò ó dé irun ojú.
"O ò yí padà rárá," ó ní.
"Gbé òmíràn wá."